Ṣé Àbímọ́ Ni Ẹ̀bùn, Àbí Kíkọ́ Ni Èèyàn Ń Kọ́ Ọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ méjì ni mo bí. Baba wọn mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, kò sì pẹ́ rárá tí àkọ́bí wa fi mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 9, ti ń kọ́ ọ fún ọdún kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń yé e. Baba wọn ní kí a dá ẹ̀kọ́ náà dúró, pé ohun tí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kò sí olùkọ́ tó lè fi í síbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Àbí ó ti pẹ́ jù fún un ni?
Ìyá ọlọ́mọ méjì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbójútó ọmọ, ìyá wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ baba wọn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e dé ni èmi kò fara mọ́.

Ní ọdún 1869, Francis Galton, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan láti fi hàn pé inú àwọn ìdílé kan náà ni àwọn olóye ènìyàn ti máa ń jáde, ó sì gbà pé àjogúnbá ló fà á. Ẹ̀rí yẹn nìkan kò tó, nítorí òbí tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà ló tún ń tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tí baba rẹ̀ ń tẹ dùùrù ti ń gbọ́ orin kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ó bá wá mọ̀ ọ́n tẹ̀, ta ni yóò sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ilé?

Ara àwọn ìbejì ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn. Ìbejì tó ti ara ẹyin kan ṣoṣo wá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀ kankan nínú ohun tí wọ́n jogún, nígbà tí àwọn ìbejì yòókù kò jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Níbi tí àwọn ti àkọ́kọ́ bá ti jọra ju àwọn ti ìkejì lọ, àjogúnbá lọ́wọ́ sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbejì ní ilẹ̀ Sweden, fi ohun kan hàn tó yà mí lẹ́nu gidigidi: àjogúnbá lọ́wọ́ pàápàá sí iye wákàtí tí ènìyàn ń fi ṣe ìdánrawò orin. Ìyẹn ni pé ara ohun tí ọmọ ń jogún ni ìfẹ́ tó ń mú un jókòó ti iṣẹ́ náà, tí kò fi tètè sú u. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn; inú ẹ̀kọ́ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

László Polgár, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gbà pé ẹ̀kọ́ ló ń sọ ọmọ di olóye, ó sì fi ayò ṣẹ́ẹ̀sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta láti kékeré. Ní ọdún 1991, méjì nínú wọn, Susan àti Judit, gba oyè ọ̀gá àgbà (grandmaster) nínú ayò náà. Ọmọ ọdún 15 ni Judit nígbà náà, kò sì sí ẹni tó kéré tó o tó ti gbà á ṣáájú rẹ̀. Sofia, ọmọ kẹta, náà di ògbóǹtarìgì nídìí ayò yìí, ṣùgbọ́n kò gba oyè yẹn. Ilé kan náà ni, olùkọ́ kan náà ni, wọn kò sì dé ibì kan náà. Síbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ré kọjá ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dé.

Nítorí náà, bí ọmọ yín ṣe ń yára sí ni ọdún kan ààbọ̀ yìí fi hàn, kò tíì sọ ibi tí yóò dé. Èmi kò ní ṣèlérí pé yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò ni bóyá ó máa ń lọ jókòó sídìí dùùrù náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró, ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ó gbọ́ pé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹkún ló ń sun lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbìyànjú nǹkan mìíràn.

Ní ti ọjọ́ orí, agbára láti mọ orúkọ ohùn orin kan ní kété tí ènìyàn bá gbọ́ ọ ni ó sábà máa ń gba kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ orin láti kékeré gan-an. Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù tó mọṣẹ́ ni kò ní agbára yẹn, ọmọ ọdún 9 kò sì tíì pẹ́ jù fún ìyókù.