Èsì: Aràn ológbò àti ọmọ tó ń fi yanrìn ṣeré

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì ń jáde nídìí ológbò yín, ẹ wá ń bẹ̀rù ọmọ. Aràn pẹlẹbẹ nìyẹn. Kò lè ran ọmọ àfi tó bá gbé kòkòrò tó ń fò nínú irun ológbò mì.

Aràn gbọọrọ inú ológbò ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹyin rẹ̀ inú ìgbẹ́ máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú iyẹ̀pẹ̀ kó tó lè ranni. Bí ọmọ bá gbé e mì, ọmọ aràn lè rìn dé ẹ̀dọ̀, kódà ojú. Òkìtì yanrìn bíríkìlà lẹ́yìnkùlé wa l'Ókè-Fìà ni ológbò tèmi sọ di ṣáláńgá! Tapólì la fi bò ó. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ológbò yín lójoojúmọ́. Ẹ má fún un lóògùn aràn tèèyàn o. Dókítà ẹran ni kó wọn bó ṣe wúwo tó, kó tó fún un lóògùn.