Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nílé, ṣé ó lè tún kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá kápẹ́ńtà. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín ni mo ń gbé. Ìyá ọkọ mi kó àga ìrókò méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan fún wa. Ọ̀dà ara kọ́bọ́ọ̀dù ti ń bó, àwọn àga sì ti dúdú. Nígbà tá a kun ilé, ọ̀dà funfun, búlúù àti aláwọ̀ ewé ṣẹ́ kù sínú agolo. Kò sówó láti ra òmíràn. Ṣé kí n po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí n fi kùn wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé o, ìyàwó wa. Ẹ má tíì po nǹkan kan pọ̀. Ẹ kó àwọn agolo yẹn síta ná, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Èyí tí wọ́n bá kọ « à l'eau » sí, ọ̀dà olómi ni. « Glycéro » tàbí « à l'huile », elépo ni. Bí ìwé ara agolo bá ti ya, ẹ kán díẹ̀ sínú omi kí ẹ rò ó: olómi á tú ká, elépo kò ní gbà. Àwọn méjèèjì kì í gbé inú agolo kan. Ẹ pò wọ́n pẹ́nrẹ́n, wọ́n á dì bíi wàrà tó ti bàjẹ́, owó agolo méjì ti wọgbó nìyẹn.

Olómi pẹ̀lú olómi, elépo pẹ̀lú elépo, ìyẹn ṣe é pò. Inú funfun ni kí ẹ ti máa kán búlúù díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ funfun lẹ ń dà sínú búlúù, funfun á tán kí àwọ̀ tó yí. Ẹ po èyí tó máa tó gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá tán lójú iṣẹ́, ẹ ò lè rí irú àwọ̀ yẹn pò mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kò lè jẹ tó lítà 1 fún ìkùn méjì.

Bí ẹ bá ṣí ọ̀dà elépo tí awọ ti bò ó lójú, ẹ má rò ó mọ́ ọn o. Ẹ fi ọ̀bẹ gé awọ náà yí etí agolo ká, ẹ gbé e kúrò lódidi, kí ẹ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ìyókù. Bí ẹ bá rò ó mọ́ ọn, gbogbo ara kọ́bọ́ọ̀dù á ní kókó wínníwínní. Ọ̀dà olómi tó bá ti ń rùn, ẹ pa á tì. Ẹ má dà á sí gọ́tà, inú ọ̀sà ni yóò bọ́ sí. Ẹ da iyanrìn sí i kó gbẹ.

Ara kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ bu ọtí ilé oògùn sórí òwú, kí ẹ fi ra ọ̀dà àtijọ́ náà. (Ẹ fi sódabì, ìyẹn ògógóró, sílẹ̀ fún àwọn tó ń mu ún.) Bí àwọ̀ bá bá òwú lọ, olómi ni wọ́n fi kùn ún, bí kò bá lọ, elépo ni. Tí elépo bá wà nísàlẹ̀, ọ̀dà olómi tẹ́ ẹ bá kùn lé e kò ní pẹ́ bó, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi pépà oníyanrìn fá a títí dídán rẹ̀ fi lọ. Omi ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó fá a, nítorí ọ̀dà àtijọ́ mìíràn ní òjé nínú, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé. Ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, kí ẹ nu ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Ẹ má gbá a.

Àwọn àga ìrókò yẹn, èmi ò ní kùn wọ́n rárá. Ìdọ̀tí ọwọ́ àti èéfín ló sábà ń sọ wọ́n di dúdú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi díẹ̀ fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ fá wọ́n díẹ̀ pẹ̀lú pépà tó kúnná, kí ẹ wá fi « huile de lin », òróró tí wọ́n fi ń pa igi, pa wọ́n lára. Àkísà tẹ́ ẹ fi pa á, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kankan. Ó lè gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ nà án síta kó gbẹ. Bí ẹ bá ṣì takú pé funfun lẹ fẹ́, ó kéré tán kí ìkùn àkọ́kọ́ jẹ́ elépo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oje ìrókò á yọ lára funfun yẹn, á sì pọ́n rúsúrúsú.

Àwọ̀ wo? Ìyẹn di ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo iwájú Mọ́sálásí Ńlá wa níbí, bí wọ́n ṣe to àwọ̀ oríṣiríṣi lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ó pọ̀ jù. Èmi ì bá kun ìta ní funfun tó ní búlúù díẹ̀ nínú, kí n fi aláwọ̀ ewé kun inú dúrọ́ọ̀ nìkan, kéèyàn máa rí i nígbà tó bá fà á síta.

Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkùn nínípọn kan máa ń hunjọ. Elépo ń fẹ́ ọjọ́ kan gbáko láàárín ìkùn méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò òjò, torí ọ̀rinrin ọ̀sà. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ ṣe é nínú ilé, kí ẹ ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kó àwo lé e lórí. Kó tó pé bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á ti gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, àwo á sì lẹ̀ mọ́ ọn.