Kí ẹ tó kun àwọ̀ sórí máàpù ilẹ̀ ìjọba ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi bí ẹgbẹ́ àdúgbò yín ní Ẹ̀pẹ́ ṣe lè fi QGIS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù) àti Google Earth (èyí tó ń fi àwòrán sátẹ́láìtì hàn) ṣètò ohun tí wọn yóò fi ilẹ̀ ìjọba tó wà létí ọ̀sà ṣe lọ́jọ́ iwájú. Mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣe irú iṣẹ́ yìí ní agbègbè náà. Kíkun àwọ̀ ọjà àti pápá ìṣeré sórí máàpù kò le rárá, ibi tí ilẹ̀ wà gan-an àti ibi tí omi ń dé ni wàhálà.

Ẹ kọ́kọ́ wo sọ́fè. Ìlànà Minna, ìyẹn ìlànà ìwọnlẹ̀ ti Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ awọnlẹ̀ Èkó fi ń kọ nọ́ńbà òpó ààlà, WGS 84, ìlànà ti GPS káàkiri ayé, sì ni Google Earth ń lò. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà láìsọ fún un pé ti Minna ni, ilẹ̀ yóò sún sí gúúsù àti ìlà oòrùn, ó sì lè ju 100 mítà lọ. Mo ti rí ilẹ̀ kan tí igun rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀sà lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ orí ìyàngbẹ ilẹ̀ ni òpó ààlà igun náà dúró sí, tí àwọn obìnrin ń sá ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. EPSG:26331, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlànà Minna, ni kí ẹ yàn nínú QGIS, kì í ṣe 32631 tó jẹ́ ti WGS 84, bí sọ́fè tilẹ̀ kọ UTM Zone 31 (ẹkùn máàpù tí Ẹ̀pẹ́ wà) lásán.

Ti omi ló le jù. Ìkùukùu kì í jẹ́ kí sátẹ́láìtì rí ilẹ̀ wa dáadáa nígbà òjò, nítorí náà àwòrán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń rí, irà a sì máa dà bí ilẹ̀ tí kò mọ omi rí. Ẹ dúró di oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá, nígbà tí odò Ọ̀ṣun àti àwọn mìíràn bá ti ya wọ ọ̀sà, kí ẹ mú fóònù tó ní QField (áàpù tí ń gbé máàpù QGIS wá sórí fóònù), kí ẹ bá apẹja tó ti pẹ́ níbẹ̀ rìn, kí ẹ sì fi àmì sí gbogbo ibi tó bá ní omi máa ń dé. Ìlà yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ fà, ẹ má sì jẹ́ kí ilé kankan wọ inú rẹ̀, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí olóṣèlú ti ṣèlérí.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àbá lásán ni máàpù yín, ẹ má sì kọ ọ́ bí àṣẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fífẹ̀ kí ẹ gbé e wá sí ìpàdé, torí àwọn àgbà tí kì í wo kọ̀ǹpútà ni yóò gba bírò lọ́wọ́ yín, tí wọn yóò fa ojúbọ àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ igi sí i, kí ẹ tó mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú.