Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìbọn Tí Wọ́n Ń Rọ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n bá ti ń ṣe àwọn ètò rìálítì ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn. Oníbàárà á wọlé, á sọ irú èyí tí ó fẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á pariwo mọ́ ara wọn díẹ̀, kí ètò náà sì tó parí, ìbọn á ti délẹ̀, wọn á ti yìn ín. Bàbá tó bí bàbá mi ń rọ ṣakabùlà nígbà ayé rẹ̀, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í yá bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni ohun tí à ń wò yìí? Ṣé mo sì lè jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́ ọ? (Òǹkàwé yín, Ìwó)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tí ẹ rí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú iṣẹ́ tí bàbá yín àgbà ṣe. Ẹ jẹ́ kí a mú Sons of Guns, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Discovery bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Baton Rouge, ìpínlẹ̀ Louisiana. Iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fi hàn níbẹ̀ ni kí wọ́n gba ìbọn tí ilé iṣẹ́ ńlá ti ṣe parí, kí wọ́n tú u, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà kan tàbí kí wọ́n so òmíràn mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó gba ọpọlọ ni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò sì gbọdọ̀ dán an wò, ṣùgbọ́n àtúntò ni, kì í ṣe rírọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí rírọ ìbọn ṣe rí gan-an, ìlú Williamsburg ní ìpínlẹ̀ Virginia ni kí ẹ yíjú sí, níbi tí wọ́n ti tún ìlú àtijọ́ kan ṣe padà bí ó ti wà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn ibẹ̀ ni Wallace Gusler, ẹni tó fi irinṣẹ́ àtijọ́ rọ ìbọn láti orí irin lásán títí ó fi di ohun tí a lè yìn. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa iṣẹ́ rẹ̀ yìí jáde ní 1969, kò sì sí ìjà kankan nínú rẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ kan ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn á fi í sínú iná títí yóò fi gbóná dáadáa, wọn á ká a mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí a ti ń ká ẹní, wọn á sì máa lu etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra. Ibi kékeré ni irin lè lẹ̀ ní ìgbóná kan. Nítorí náà, inú iná ni yóò tún padà sí, wọn á tún lù ú, títí gbogbo gígùn ọ̀pá ìbọn yóò fi di ẹyọ kan. Lẹ́yìn èyí ni wọn á gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè dọ́gba, wọn á sì fi irin mímú kékeré kan fa àwọn ìlà tó ń mú ọta yí bí ó ti ń jáde. Irin mímú yìí kì í bó ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan ṣoṣo sì lè gba kí wọ́n fà á lọ kí wọ́n fà á bọ̀ láìmọye ìgbà. A kò tíì sọ̀rọ̀ kan ibi tí akọ òkúta ti ń ṣáná sí ẹ̀tù, níbi tí sípíríǹgì wà: wọn á mú un gbóná, wọn á rì í bọ epo kí ó le, wọn á sì tún yá a níná díẹ̀ kí líle náà má baà pọ̀ jù, nítorí pé bí wọ́n bá gbàgbé ìyẹn, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ń gba ju wákàtí 300 lọ fún ìbọn kan, ìdí fáìlì, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń ha irin, ni wọ́n sì ti ń lo èyí tó pọ̀ nínú wákàtí wọ̀nyí.

Mo gbà fún àwọn olùṣètò pé kò sí ẹni tí yóò jókòó wo ọkùnrin kan tí ń fi fáìlì ha irin láti àárọ̀ di ọ̀sán. Oorun ni yóò gbé èmi alára lọ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n gé dànù yẹn ni iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tó ń gé fíìmù kò lè dúró de ohun tí yóò yọ.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí ó dán ìbọn wò rárá, nítorí pé òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ìbọn láìgba àṣẹ ìjọba, ìbáà ṣe ṣakabùlà. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rọ ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ ní àkókò ìsinmi ilé ìwé. Ẹwìrì ni wọn á kọ́kọ́ fún un fín, á sì pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ owú.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí ìjà kì í fi í tán ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi hàn wá wọ̀nyí? (Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìjà ni wọ́n fi dí àyè tí fáìlì fi sílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà kò bá ní ṣeé wò, a gbọ́dọ̀ rí ohun mìíràn wò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá ọjọ́ tí kò ṣeé ṣe fún oníbàárà, tí ọ̀gá á sì máa gbé ohùn sókè. Lójú tèmi, ẹnu ni wọ́n fi ń yan ọ̀gá fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ju ọwọ́ lọ. American Guns, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, dá lórí ìdílé kan ní Wheat Ridge, ìpínlẹ̀ Colorado; Discovery kéde ní oṣù Kejìlá 2012 pé kò ní tẹ̀síwájú, lẹ́yìn ìpakúpa ilé ìwé ní Newtown, ìpínlẹ̀ Connecticut. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́bi pé ó ń ta ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Sons of Guns náà parí ní 2014 nígbà tí wọ́n mú ọ̀gá tiwọn lórí ẹ̀sùn tí kò kan irin rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ìdíje àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà kò ṣeé gbà gbọ́? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Forged in Fire ni ẹ ń sọ, tí ilé iṣẹ́ History bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Alágbẹ̀dẹ mẹ́rin ló ń díje fún 10,000 dọ́là; wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn méjì tó bá kù á sì padà sí àgbẹ̀dẹ tiwọn fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, nítorí pé bí ọ̀bẹ bá sán, àwọn adájọ́ á sọ ohun tó fà á: bóyá ó gbóná jù kí wọ́n tó rì í, tàbí pé ẹni náà kánjú fi omi rọ́pò epo. Aago nìkan ni àbùkù rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà tirẹ̀ kò ní rọ ọ̀bẹ pẹ̀lú aago lọ́rùn, bí ọ̀bẹ náà bá sì sán lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́jọ́ kejì.