Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ní Kamẹrúùnù?
Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, ìwọ́de sì ni olórí ètò. Ní Yaoundé, olú ìlú wọn, ojú pópó Boulevard du 20 Mai ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tò kọjá níwájú mínísítà ètò iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a gbé àsíá tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ṣíwájú, àwọn èèyàn rẹ̀ a sì wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ìyẹn àǹkárá tí wọ́n tẹ àmì ilé iṣẹ́ náà sí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹwà ọjọ́ náà wà. Bí ìwọ́de bá parí, oúnjẹ àti bíà ló kù. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè gba àmì ẹ̀yẹ onífàdákà tàbí oníwúrà. Àjọ̀dún orílẹ̀-èdè kọ́ o. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún kan náà ni ìyẹn.