Krómósómù púpọ̀ kọ́ ló ń mú ẹja àrọ̀ tóbi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá. Mo ń sin ẹja àrọ̀ l'Ọ̀bàntókò níbí l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja fún mi ní tòun ní krómósómù ju ti àwọn tó kù lọ, pé ìdí nìyẹn tó fi ń yára tóbi, ó sì ti fowó lé e. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo lè yan ìyá ẹja nínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ krómósómù yìí ti ń sú mi o, torí àwọn tó ń fi polówó ọjà ò mọ ohun tó jẹ́.

Inú krómósómù ni jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá, wà, inú sẹ́ẹ̀lì ara ni òun náà wà. Àrọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, Clarias gariepinus, 56 ló ní. Heterobranchus longifilis, èyí tó ní lẹbẹ́ kejì tó nípọn lẹ́yìn níbi ìrù, 52 péré ló ní, òun sì ni wọ́n ń mú wá báyìí nítorí pé ó máa ń tóbi! Tí wọ́n bá wá fi àwọn méjèèjì bímọ, tí ẹ ń pè ní heteroclarias, ìdajì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọmọ á gbà: 28 á wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, 26 láti ọ̀dọ̀ èkejì, ó di 54. Tó bá jẹ́ heteroclarias ló ń tà fún yín, a jẹ́ pé krómósómù ẹ̀ kéré sí ti àrọ̀ lásán nìyẹn. Àrọ̀ kan wà ní Thailand tí wọ́n ka nǹkan bíi 100 fún, kò tó tiwa níbi títóbi rárá. Èmi àti ẹ̀yin ńkọ́? 46.

Bó ṣe rí ni pé láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn krómósómù méjì lè lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, ọ̀kan sì lè pín sí méjì. Tí àwọn aládìrẹ Ìtòkú bá di aṣọ sí ẹrù 56, tí wọ́n wá so mélòó kan pọ̀ kó di 52, yáàdì aṣọ ò dín. Ibi tó ti ń dà wọ́n láàmú ni tí ọmọ àdàlù bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀ tiẹ̀, torí krómósómù bàbá àti ti ìyá ò bára mu dáadáa.

Lóòótọ́ èèyàn lè sọ 56 ti àrọ̀ di 84, ìyẹn 28 lọ́nà mẹ́ta dípò méjì: wọ́n á ki ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtọ̀ bọ inú omi tútù nini, bíi 5°C. Ṣùgbọ́n ẹja tó yàgàn nìyẹn máa ń jẹ́, kì í ṣe pé ó gbọ́dọ̀ tóbi. Ojú lásán ò sì lè kà á, wọ́n á gún ẹja lábẹ́rẹ́, wọ́n á mú kídìnrín ẹ̀, wọ́n á pa á láró, wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ bi í pé ta ló bá a kà á.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni l'ónírọ́ o, mi ò tíì rí ẹja yẹn, ó lè dáa gan-an. Àmọ́ ẹ má sanwó krómósómù. Ẹ béèrè ibi tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ti wá, ṣé kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, kí ẹ sì rí àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá rà á, ẹ máa ṣa àwọn tó tóbi jù kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á jẹ àwọn yòókù tán, ẹ á máa bú oúnjẹ.

Ti ìyá ẹja, rárá. Ẹ má yan án nínú heteroclarias, àwọn ọmọ ẹ̀ ò ní dọ́gba, òmíràn á rí báyìí, òmíràn á rí bọ́hùn-ún. Ẹ lọ bá àwọn ẹ̀ka ẹja ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, Alábàtà ò jìnnà sí yín, kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdílé ẹja sílẹ̀.