Ta ló ṣe ìdérí eléyín orí ìgò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdérí onírin eléyín tó máa ń wà lórí ìgò mínírà yẹn, ta ló kọ́kọ́ ṣe é, ṣé kọ́ọ̀kì lásán ò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó o. Gáàsì inú mínírà máa ń ti kọ́ọ̀kì jáde ni, láyé ìgbà yẹn, wọ́n á wá fi wáyà so ó mọ́ ọrùn ìgò. William Painter tó ń gbé ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ló gba pátẹ́ńtì tiẹ̀, ìyẹn àṣẹ ìjọba pé ẹlòmíì ò gbọdọ̀ ṣe é fáwọn ọdún kan, lọ́dún 1892, irin pẹlẹbẹ tó ní eyín 24, ó wá tẹ́ kọ́ọ̀kì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ẹ̀, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìgò, eyín yẹn á há mọ́ etí ìgò pinpin, gáàsì ò ní rọ́nà jáde. Eyín 21 ló wọ́pọ̀ báyìí, ẹ ka eyí tó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tún yí inú ẹ̀ wò, ẹ máa rí ike rọ̀bọ̀tọ̀ tó rọ́pò kọ́ọ̀kì, àmì ẹnu ìgò á ti hàn lára ẹ̀.

Nínú àwọn tó ṣe ìdérí ìgò, ẹni tó máa ń ṣe mí láàánú jù ni John Landis Mason, òun ló gba pátẹ́ńtì ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà tí wọ́n ń yí ìdérí ẹ̀ pa ní 1858, àmọ́ nígbà tí pátẹ́ńtì yẹn tán, àwọn iléeṣẹ́ míì kàn ń ṣe é lọ ni.